Ẹnu Ni Ìwọ̀n Tíì: Bí A Ṣe Ń Se Tíì Ewé, Bí A Sì Ṣe Ń Tọ́ Ọ Wò

  

Ọ̀rọ̀ tíì ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa bi ara wọn pé, "Kí ló kan àgbẹ̀ kòkó àti àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tíì?" Ọ̀nà méjì ni ó fi kàn wá. Èkínní, owó wa ni a fi ń rà á. Ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ìkómọ tí a kì í ti í gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún tíì kò pọ̀ mọ́. Èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú tíì tí ó bá gbogbo ẹni tí ń ta irè oko mu. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ẹni tí ó bá lè tọ́ ọjà wò, tí ó sì mọ ohun tí ẹnu òun ń sọ, òun ni ó ń dá iye lé e. Ẹni tí kò bá lè tọ́ ọ wò, iye tí wọ́n bá dá fún un ni yóò gbà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ tíì tí à ń sọ, nítorí orúkọ kan náà ni àwa fi ń pe nǹkan púpọ̀. Bí a bá po Bournvita tàbí Milo, a ní a mu tíì, bẹ́ẹ̀ kòkó ló wà nínú wọn. Bí a bá já ewé gígùn olóòórùn tí ó wà lẹ́yìnkùlé, tí a sè é fún ẹni tí ibà ń ṣe, ewé tíì ni a ń pè é, bẹ́ẹ̀ irú koríko kan ni. Tíì tòní yàtọ̀ sí méjèèjì. Igi ni, Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilẹ̀ Ṣáínà àti àwọn ilẹ̀ tí ó bá a pààlà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá fi í sílẹ̀, á ga bí igi yòókù, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ máa ń gé orí rẹ̀ kí ó má ga ju ìbàdí ènìyàn lọ, kí ọwọ́ lè tó o. Tíì aláwọ̀ ewé àti tíì dúdú, orí igi kan náà ni a ti ń já wọn. Ohun tí a ṣe sí ewé náà lẹ́yìn tí a já a tán ni ó yà wọ́n. Tíì dúdú ni à ń sọ lónìí, èyí tí a ń fi ṣíbí bù láti inú agolo tàbí inú ọ̀rá, tí kò sí nínú àpò kékeré olókùn.

Tíì kì í ṣe àjèjì ní orílẹ̀-èdè wa. Lórí Òkè Mambilla, ní Ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju 1,500 mítà lọ tí òtútù sì ń mú, oko tíì wà ní Kakara, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ewé náà sì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí a mọ̀ sí CRIN, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, kì í ṣe kòkó nìkan ni ó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Obì, kọfí, kajú àti tíì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ní ẹ̀ka ní Kusuku lórí Òkè Mambilla nítorí iṣẹ́ tíì. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ ti gbin irú tíì mélòó kan wò ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni lọ gé kòkó rẹ̀ nítorí àtigbin tíì o. Igi tí ó fẹ́ràn òtútù òkè àti òjò tí kì í tètè dá ni. Ohun tí mo ń wí ni pé àgbẹ̀ bíi tiyín ni ó ń já a, ìṣòro wọn sì jọ tiyín.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ewé náà láti orí igi. Ọ̀mùnú orí ẹ̀ka ni a ń já: ewé méjì, àti ẹ̀yọ kan tí kò tíì ṣí láàárín wọn. Bí ọwọ́ bá ń kánjú, tí ó já ewé kẹta àti ìkẹrin mọ́ ọn, apẹ̀rẹ̀ á wúwo, ṣùgbọ́n adùn á lọ sílẹ̀. Ewé tí ó ti gbó kò ní ohun tí ọ̀mùnú ní nínú. Nítorí náà ni àgbẹ̀ tíì kì í fi í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ó tó padà sídìí igi kan náà. Kílò ewé tútù mẹ́rin sí márùn-ún ni ó ń di kílò kan tíì gbígbẹ.

Lẹ́yìn jíjá, a ó tẹ́ ewé náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i kí ó lè rọ. Èyí máa ń gba bíi wákàtí 12 sí 18. Bí ó bá ti rọ̀ tí kì í kán mọ́ bí a bá ká a, a ó lọ́ ọ tàbí kí a fi ẹ̀rọ ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí omi inú rẹ̀ lè jáde kan afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gé obì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sílẹ̀. Ojú ibi tí a gé á pọ́n, bó bá pẹ́ á dúdú. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ewé tíì gan-an nìyẹn. Láàárín bíi wákàtí kan sí méjì, ewé tí ó tutù yọ̀yọ̀ á pọ́n bíi bàbà, òórùn rẹ̀ á sì kúrò ní ti koríko, á di ti èso. Ibẹ̀ ni tíì ti ń di tíì dúdú. Bí a bá dá a dúró kí ó tó tó, á máa rùn bíi koríko, á sì korò. Bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́ jù, omi rẹ̀ á dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n á tẹ́ lẹ́nu.

Ooru ni a fi ń dá a dúró. Atẹ́gùn gbígbóná ni a ó fẹ́ sí i títí omi inú rẹ̀ á fi ṣẹ́ kù bíi 3 nínú 100. Lẹ́yìn náà ni a ó fi asẹ́ yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tí ewé rẹ̀ tóbi, èyí tí ó wẹ́, àti èyí tí ó kúnná bí eruku. Èyí tí ó kúnná kò fi bẹ́ẹ̀ burú o. Kíá ni ó ń pọn omi, òun ni ó sì pọ̀ jù nínú àpò kékeré olókùn. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ojú láti mọ ohun tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn. Nínú tíì ewé, ojú rí nǹkan wò.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Kòkó tí kò pé ọjọ́ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí tí a fi iná eléèéfín gbẹ, kò sí bí a ṣe lè fi àpò tuntun bò ó láṣìírí. Bẹ́ẹ̀ ni tíì rí. Gbogbo ohun tí ọwọ́ ṣe sí i lóko àti nílé iṣẹ́ ni omi gbígbóná máa ń tú síta.

Ẹ bá mi ká lọ sí Kẹ́ńyà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àgbẹ̀ kéékèèké ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di owó. Ní 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin tíì sí Limuru ní ilẹ̀ náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òyìnbó olóko ńlá ni ó ń jèrè rẹ̀. Àárín àwọn ọdún 1950 sókè ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là fún àgbẹ̀ aládàáni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1964, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbòmìnira, ìjọba dá àjọ kan tí a mọ̀ sí KTDA sílẹ̀ fún wọn. Láti 2000, ó ti di ilé iṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ní ìpín nínú rẹ̀ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tíì àdúgbò wọn. Àwọn àgbẹ̀ tí ń já ewé fún un ju 500,000 lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí àgbẹ̀ bá gbé ewé dé ibùdó ìwọ̀n, wọn kì í kàn gbé e sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n á kọ́kọ́ tú u sórí tábìlì, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ewé gbígbó, igi àti ewé tí ó ti pọ́n nínú àpò nítorí pé a kì í mọ́lẹ̀ jù, wọ́n á ṣà á kúrò. Ewé tí ó bá yè ni ó ń lọ sílé iṣẹ́. Nígbà tí ó bá di tíì tán, ó ń lọ sí ọjà gbàǹjo Mombasa. Ọjà gbàǹjo yìí bẹ̀rẹ̀ ní Nairobi ní 1956, ó sì kó lọ sí Mombasa ní 1969. Kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, àwọn tí ó fẹ́ rà á á ti gba díẹ̀ nínú tíì ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti tọ́ ọ wò. Ohun tí ẹnu wọn bá sọ ni wọ́n ń dá owó lé. Àgbẹ̀ ń gba owó ewé rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì tún ń gba ìyókù tí wọ́n ń pè ní bónọ́ọ̀sì bí wọ́n bá ti ṣírò ọdún. Bónọ́ọ̀sì yìí kì í dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ara ohun tí ó sì ń fà á ni iye tí tíì kọ̀ọ̀kan ń pa ní gbàǹjo.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ fọkàn bá mi lọ níbí. Inú ẹ̀rọ kan náà ni ewé gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò ń bọ́ sí. Bí ẹnì kan bá fi ewé gbígbó kún tirẹ̀ kí ìwọ̀n lè pọ̀, kò ta ẹni tí ń ra ewé nìkan lófò. Owó aládùúgbò rẹ̀ tí ó fara balẹ̀ já ewé méjì àti ọ̀mùnú ni ó dín kù. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń tẹ́ nìyẹn.

Ó yá, báwo ni àwọn olówó tíì ṣe ń tọ́ ọ wò? Kò sí awo níbẹ̀. Wọ́n á to ife funfun sórí tábìlì gígùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti ń wọlé dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ funfun, kí àwọ̀ omi lè hàn. Wọ́n á fi òṣùwọ̀n wọn tíì, gíráàmù 2 fún omi 100 mìlílítà. Wọ́n á da omi tí ó ń hó lé e, wọ́n á fi ọmọrí dé e, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 6 gbáko. Ìlànà àgbáyé ni, ó wà nínú ìwé ISO 3103 tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1980. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sínú ife, wọ́n á da ewé tí ó rin sórí ọmọrí. Atọ́tíìwò á fi ṣíbí bu omi náà, á fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo kí atẹ́gùn lè gbé òórùn rẹ̀ lọ sí imú, á yí i ká inú ẹnu, á sì tu ú. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ìyá wa á ní ẹ̀kọ́ ilé kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, imú ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ìṣẹ́jú 6 pọ̀ ju èyí tí a nílò bí a bá fẹ́ mu tíì lásán. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí àbùkù tí ó bá wà nínú rẹ̀ má lè fara pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í fi ṣúgà sí i. Aṣọ ni ṣúgà àti mílíìkì jẹ́ fún tíì. Bí a bá fẹ́ mọ ara tí ó wà lábẹ́ aṣọ, a ó bọ́ aṣọ ná.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é nínú gbọ̀ngàn ìpàdé yín. Ẹ wá ife funfun mẹ́ta tí ó dọ́gba, ife kékeré tí ń gba bíi 150 mìlílítà. Omi píọ̀ wọ́tà ọlọ́rá kan tí ó jẹ́ 50 sẹ̀ńtílítà á tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bu ṣíbí tíì kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kí ó tẹ́jú. Èyí á tó bíi gíráàmù 2 sí 3. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, ó tún dára jù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kí omi dọ́gba, kí àkókò sì dọ́gba. Bí ẹ bá fi púpọ̀ sínú ọ̀kan, ẹ ti rẹ́ èkejì jẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà sábẹ́ ife kí ẹni tí yóò tọ́ ọ wò má mọ ti ta ni. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ nǹkan márùn-ún wò.

Èkínní, ẹ wo ewé gbígbẹ. Ó yẹ kí ó dúdú, kí ó sì máa dán díẹ̀. Bí ẹ bá rí igi pupa àti pàǹtí púpọ̀ nínú rẹ̀, ewé gbígbó ni wọ́n já. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fọ́, ó gbẹ. Bí ó bá ń tẹ̀ bíi rọ́bà, omi ti wọ̀ ọ́, kò sì ní pẹ́ hu.

Èkejì, ẹ bu díẹ̀ sórí ìwé funfun tí ẹ ti fi omi tútù rin. Tíì tòótọ́ á máa fi àwọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí pupa bá ṣàn jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ fura. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi aró pa á láwọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbóòórùn ewé tí ó rin náà nígbà tí ó ṣì gbóná. Ibẹ̀ ni èéfín, ìhu, kẹrosíìnì àti àlùbọ́sà ti ń jẹ́wọ́. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá pọ́n bíi bàbà tuntun, wọ́n ṣe é re. Bí ó bá dúdú kirikiri, ó pẹ́ jù kí iná tó kàn án, tàbí iná jó o. Bí ewé tútù bá pọ̀ nínú rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó pọ́n tó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo omi inú ife. Ó yẹ kí ó pupa kí ó sì mọ́lẹ̀, débi pé ẹ ó máa rí ìdí ife. Omi tí ó ṣókùnkùn bí omi àgbàrá kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: bí tíì tí ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá tutù tán tí ojú rẹ̀ wá ṣú díẹ̀ bí ẹni pé a kán mílíìkì sí i, ẹ má dà á nù. Àmì tíì alágbára ni, inú àwọn atọ́tíìwò sì máa ń dùn bí wọ́n bá rí i.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná, nítorí ahọ́n tí ó ti jó kò mọ nǹkan kan. Tíì dúdú tí ó dára á fún ẹnu díẹ̀ bí obì ti ń ṣe, á sì jí ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, ẹnu á mọ́, adùn díẹ̀ á kù lẹ́yìn ọ̀fun. Bí ó bá tẹ́ bí omi lásán, ó ti pẹ́ nílẹ̀ tàbí wọn kò tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá korò bí orógbó tí kò sì ní òórùn kankan, ẹ kọ̀ ọ́. Bí adùn rẹ̀ bá dà bí ohun tí a fi iná sun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbẹ ẹ́ ti gbóná jù.

Ìyẹn ni ti ìtọ́wò. Ti mímu ńkọ́? Ìhín ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ba ojúlówó tíì jẹ́, tí a ó sì máa dá ẹni tí ó tà á lẹ́bi.

Ẹ fi omi bẹ̀rẹ̀. Tíì inú ife, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Omi kànga tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa máa ń mú kí tíì ṣú, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì bo ojú rẹ̀. Omi òjò tí ó mọ́, tàbí omi tí ọṣẹ máa ń hó nínú rẹ̀, ni ó dára jù. Ẹ bu omi tuntun sórí iná, kí ẹ má lo èyí tí ó ti hó láàárọ̀ tí ẹ tún fẹ́ gbé kaná ní ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí ó hó yeyeye. Omi inú fúláàsì tí ó ti wà níbẹ̀ láti àná kò lè fa adùn tíì dúdú jáde.

Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ ṣan ìkòkò tíì tàbí jọ́ọ̀gì tí ẹ fẹ́ lò kí ó lè gbóná, kí ẹ sì da omi náà nù. Ṣíbí tíì kan fún ife kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ da omi tí ó ń hó lé e, ẹ dé e, kí ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 tó fún tíì tí ewé rẹ̀ tóbi. Èyí tí ó wẹ́, ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó o. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lórí ewé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lórí ewé á máa korò sí i ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó le, ẹ fi ewé kún un. Ẹ má fi ìṣẹ́jú kún un, nítorí òórùn ni ó kọ́kọ́ ń jáde, ìkorò ni ó ń gbẹ̀yìn.

Mo mọ̀ pé àwọn mai ṣáyì ìdí ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí tiwọn wà lórí iná fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà tiwọn nìyẹn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Atalẹ̀, kànáfùrù, mílíìkì àti ṣúgà púpọ̀ ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó sórí ṣúgà àti mílíìkì, kí ó má ṣe se ewé rẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tíì máa ń gba òórùn tètè ju bí aṣọ ti ń gbà á lọ. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú, ẹja gbígbẹ, ọṣẹ tàbí kẹrosíìnì. Agolo tí ó dé pinpin, tí oòrùn kò sì lè dé ibẹ̀, ni ilé rẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí tí ó tutù bù ú.

Ọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀. Tíì tí a mu pẹ̀lú oúnjẹ máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tí ń fún wa ní ẹ̀jẹ̀ láti inú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà. Aboyún, ọmọdé àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù. Kí wọ́n jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí oorun kì í tètè kùn, kí ó má mu ún ní alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá kó ọ̀rọ̀ mi bọ̀ sórí owó ẹgbẹ́. Ká sọ pé ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù, oníṣòwò kan sì gbé tíì ewé wá, àpò mẹ́wàá. Ó fọwọ́ bu díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wo bó ṣe dúdú. Ojúlówó ni. Àwọn mìíràn ti fẹ́ kó o, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rántí." Ìyá Ẹgbẹ́ kò ní bá a jiyàn. Á kàn ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Jókòó, omi ti wà lórí iná." Gbólóhùn yìí nìkan lè mú kí oníṣòwò fi owó sílẹ̀.

Ẹ bù láti inú àpò mẹ́ta ó kéré tán, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ẹ tọ́ wọn wò bí mo ti wí. Bí ó bá wù yín, ẹ di díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ̀yin àti ẹni tí ó tà á fọwọ́ sí i. Bí ìyókù ọjà bá dé, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ tún da omi lé wọn. Bí wọn kò bá jọra, ìgò ni ẹlẹ́rìí yín. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ san gbogbo owó kí èyí tó parí.

Ohun tí ẹ bá fi ṣe tíì, ẹ lè fi ṣe ọjà tiyín. Láti 1986 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó, àgbẹ̀ àti ẹni tí ń rà á ni ó ń wo ojú ara wọn lórí iye. Ẹni tí ń rà á ti la kòkó yín wò, ó ti gbóòórùn rẹ̀, ó mọ ohun tí ó ní lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbìn ín ńkọ́? Ẹni tí ń ta oyin, ṣé ó máa ń tọ́ ti oṣù yìí wò sí ti oṣù tó kọjá? Ẹni tí ń ta epo pupa, ṣé ó gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì kí ó tó bu epo sí i? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò, báwo ni yóò ṣe mọ iye tí yóò bèèrè?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìpàdé yín tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ife mẹ́ta. Kò ní gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tọ́ ọ wò, kí àwọn àgbà tọ́ ọ wò, kí kálukú sọ ohun tí ó rí kí ẹ tó tú nọ́ńbà wò. Ẹ ó rí i pé láàárín ìpàdé mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹnu yín á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn mu.

Kí ẹ lè rántí, kókó ọ̀rọ̀ tòní nìyí:

1. Ewé méjì àti ọ̀mùnú kan ni tíì rere. Ewé gbígbó ń fi kún ìwọ̀n, ó ń dín owó kù.
2. Láti tọ́ ọ wò: ìwọ̀n kan náà, omi kan náà, ìṣẹ́jú 6, láìsí ṣúgà àti mílíìkì.
3. Láti mu ún: omi tuntun tí ó hó, ṣíbí tíì kan fún ife kan, ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí a sì sẹ́ ewé kúrò.
4. Agolo tí ó gbẹ, tí ó sì dé pinpin, ni kí a fi pa á mọ́, kí ó jìnnà sí ohun olóòórùn.
5. Ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sanwó ọjà tí ẹnu rẹ̀ kò tíì kàn.